Bí Mọ́tò Mi Ṣe Bọ́ Nínú Iná Orí Òkun

Ẹ bá mi gbé orúkọ Jésù ga! Ẹ tún gbé e ga sí i! Ẹni tó bá lẹ́sẹ̀ kó dìde, kó bá mi jó díẹ̀, torí èmi ò lè dìde. Orí ìjókòó ni màá ti jẹ́ ẹ̀rí mi, ẹ má bínú. Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ yín ló mọ̀ mí. Ẹni tí ò bá mọ̀ mí, èmi ni Bàbá Tòmíwá, dírẹ́bà. Ọdún méjìlélógún ni mo fi wa bọ́ọ̀sì láti Ẹdẹ lọ sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nìyẹn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta báyìí tí táyà iwájú bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, bọ́ọ̀sì sì já sí kòtò. Èrò kankan ò kú, ògo ni fún Ọlọ́run! Èmi nìkan ni egungun ẹ̀yìn mi kán.

Dókítà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Bàbá, mi ò ní parọ́ fún yín. Ẹsẹ̀ yìí ò ní rìn mọ́."

Mo ní, "Dókítà, ṣé màá ṣì wakọ̀?"

Ó wo ojú ìyàwó mi.

Ọdún mẹ́ta, ará! Wọ́n ra àga onítáyà fún mi, wọ́n gbé mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí mo bá fẹ́ lọ sílé ìwòsàn l'Óṣogbo, ọkùnrin mẹ́rin ló máa gbé mi sínú kẹ̀kẹ́ bí àpò gàrí. Nígbà tó yá, mo ní mi ò lọ síbì kankan mọ́. Ìdí tẹ́ ẹ ò fi rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Kì í ṣe àìsàn, ojú ló ń tì mí. Bí mo bá gbọ́ ìró bọ́ọ̀sì lójú títì, màá ní kí Ìyá Tòmíwá bá mi ti fèrèsé.

Ṣùgbọ́n ẹ yin Olúwa! Àbúrò mi Ṣẹ́gun, tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jókòó kí n tó sọ̀rọ̀ o."

Mo ní, "Ìjókòó náà ni mo wà láti ọdún mẹ́ta."

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní òun rí mọ́tò kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ nìkan wà. Ọkùnrin kan tí ò lè lo ẹsẹ̀ ló ni ín tẹ́lẹ̀, ó ti ṣaláìsí, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó máa wúlò fún. Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀pá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì: tẹ́ ẹ bá fà á, mọ́tò á sáré, tẹ́ ẹ bá tì í, á dúró. Irin pẹlẹbẹ kan sì bo ibi tí ẹsẹ̀ máa ń tẹ̀. Mo wo fídíò yẹn títí fóònù fi kú. Mo sunkún. Kí n má purọ́ níwájú Ọlọ́run, mo sunkún bí ọmọdé.

Ṣẹ́gun kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ wà á, ó sì wà á fúnra rẹ̀ lọ sí èbúté. Irú ọkọ̀ òkun tí wọ́n máa ń wa mọ́tò wọ inú rẹ̀ ni yóò gbé e wá, tó tóbi bí ilé alájà púpọ̀. Wọ́n fún un ní ìwé tí orúkọ ọkọ̀ náà wà lára rẹ̀. Tòmíwá ọmọ mi obìnrin, tó wà ní Pólì níbí, bá mi wá ọkọ̀ náà rí lórí fóònù: àwòrán òkun, ọfà kékeré kan tó dúró fún ọkọ̀ náà sì ń rìn lórí rẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń wo ọfà yẹn. Màá pariwo pé, "Ìyá Tòmíwá, ó ti dé àárín òkun o!" Ìyàwó mi á ní, "Ẹ jẹ́ kó rọra máa bọ̀, Bàbá Tòmíwá."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọfà dúró. Lọ́jọ́ kejì, kò kúrò lójú kan. Lọ́jọ́ kẹta, Ṣẹ́gun pè.

"Bọ̀ọ̀dá mi, iná ti ṣẹ́ yọ nínú ọkọ̀ yẹn. Wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ yọ, ẹnì kankan ò kú. Ṣùgbọ́n àwọn mọ́tò… wọ́n ní kò sí èyí tó ṣẹ́kù."

Há! Ará mi! Mi ò jẹun. Mo ní ó ti hàn gbangba pé Ọlọ́run ò fẹ́ kí n di sítíárì mú mọ́. Pásítọ̀, ẹ dárí jì mí. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ wá kí mi nílé, mi ò sùn. Mo díbọ́n ni.

Ìyàwó mi ló kúnlẹ̀ tì mí. Ó ní, "Tí ẹ ò bá lè gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí n gbà á dípò yín. Ẹ sá ṣe àmín." Mi ò ṣe àmín. Ó gbàdúrà náà.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ṣẹ́gun lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó gba mọ́tò náà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ kọ orúkọ mọ́ ti àwọn tó pàdánù. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní kó ka nọ́ńbà ara mọ́tò fún òun. Ó wò ó, ó tún wò ó. Ó ní, "Ọ̀gá, mọ́tò yín ò sí nínú àwọn tó wọ ọkọ̀ yẹn."

Ó pe èbúté. Ọkùnrin kan dáhùn níbẹ̀, ó ní, "Ṣé èyí tó ní ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì? Ó wà lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù níbí. Òjò ń pa á."

Halelúyà! Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀! Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wa mọ́tò mi wọ ọkọ̀ jókòó sínú rẹ̀, ó wá ibi tí yóò ki ẹsẹ̀ bọ̀, irin ló bá. Kò mọ èyí tí yóò fà, kò mọ èyí tí yóò tì. Ó ní òun ò ní ba nǹkan oní-nǹkan jẹ́, ó bọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó rí ẹni tó mọ̀ ọ́n, àkókò ti tó, ọkọ̀ ti lọ. Nítorí pé abirùn ni wọ́n ṣe mọ́tò yẹn fún, kò wọ inú iná!

Ṣẹ́gun pè mí, ó ń kígbe, "Kò wọ ọkọ̀! Bọ̀ọ̀dá mi, kò wọ ọkọ̀!" Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó tún un sọ. Aṣọ ni ìyàwó mi ń fọ̀ lọ́wọ́. Ó jó yí ká gbogbo àgbàlá pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Èmi wá ṣe àmín tí mi ò ṣe lọ́jọ́ tó gbàdúrà, mo ṣe é kíkankíkan.

Nígbà tí ọkọ̀ mìíràn fẹ́ gbéra, Ṣẹ́gun lọ dúró tì wọ́n, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń wà á hàn wọ́n. Mi ò wo ọfà kankan lórí fóònù mọ́. Àdúrà nìkan ni mo ń gbà.

Ó gúnlẹ̀ l'Ékòó láìfarapa. Alhaji Múfú, ará àdúgbò wa tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní èbúté, parí gbogbo ìwé. Ó wá pè mí, ó ní, "Bàbá, ìṣòro kan ló kù. Àwọn tó wà á sọ̀ kalẹ̀ ti bá ọkọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó lè wà á jáde níbí. Ẹ̀yin fúnra yín ní láti wá."

Èmi tí mi ò dé Òṣogbo mọ́! Mo lọ, ará. Wọ́n gbé mi, ojú ò tì mí. Ní ẹnu géètì, ọ̀gá aṣọ́bodè kan bèèrè pé, "Ta ni dírẹ́bà?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó wo àga mi, ó wo ẹsẹ̀ mi. "Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Èmi náà ni, ọ̀gá."

Wọ́n gbé mi sínú mọ́tò, Alhaji jókòó tì mí. Mo fa ọ̀pá. Ó gbéra! Mo tì í, ó dúró. Mo tún fà á. Mo wà á gba iwájú wọn kọjá, mo wà á jáde. Ọ̀gá yẹn ṣí fìlà rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ o!" Alhaji ń sọ pé, "Alihamudulilahi," èmi ń ké Halelúyà.

Tírélà ló gbé e dé Ẹdẹ, torí mi ò fẹ́ fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ṣeré. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ ní pápá kan lọ́nà Awo. Àwọn tó ń fúnni ní ìwé ìwakọ̀ dán mi wò, wọ́n sì fún mi ní ìwé.

Mọ́tò àwọn ẹlòmíì jóná nínú ọkọ̀ yẹn. Mi ò mọ ìdí rẹ̀, mi ò sì ní sọ pé mo sàn jù wọ́n lọ. Mo ń gbàdúrà fún wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ọlọ́run ṣàánú mi nígbà tí mi ò lè gbàdúrà fúnra mi. Ìwọ tó jókòó síbẹ̀ tí àdúrà ti sú, jẹ́ kí ẹlòmíì bá ọ gbà á. Má tijú. Jáde síta. Bó bá gba kí wọ́n gbé ọ, jáde síta.

Ẹ ṣeun, Pásítọ̀. Ìyá Tòmíwá, ẹ ṣeun. Ṣẹ́gun, Ọlọ́run á gbọ́ tìrẹ. Jésù, o ṣé, o ṣé, o ṣé!

Ẹ̀yin ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, tẹ́ ẹ bá parí ìsìn, ẹ má wulẹ̀ wá kẹ̀kẹ́ tẹ́ ẹ máa wọ̀ lọ sílé. Mo gbé mọ́tò sábẹ́ igi níta. Àyè mẹ́ta ṣì wà nínú rẹ̀, èmi ni mo máa gbé yín délé.