Ẹ̀wù Ọba Tó Ya Lẹ́yìn

Àbúrò mi, má wulẹ̀ gbé tíì kankan síwájú mi, ẹnu mi ò gba nǹkan kan, jókòó kí o gbọ́ mi, torí bí o bá tún ní ò ń kánjú lọ sí ààfin, mo fi Ọlọ́run búra, màá tẹ̀lé ọ dé iwájú ọba lónìí! Ọdún méjì! Ọdún méjì gbáko ni ọkọ mi ti wà lẹ́wọ̀n, ọkùnrin tí kò jalè, tí kò pààyàn, télọ̀ lásánlàsàn, nítorí pé ẹ̀wù ya lẹ́yìn ọba níwájú àlejò. Ṣé torí aṣọ ni wọ́n ṣe ń sọ ọmọ èèyàn nù?

Kí ni ọba tilẹ̀ sọ? Ìwọ akọ̀wé rẹ̀ ṣáà wà níbẹ̀. Ó ní, “Ẹ mú un kúrò lójú mi.” Ó tán! Kò ní kí wọ́n tì í mọ́lé, kò dá ọjọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ta ló tó bi í pé, “Kábíyèsí, títí dìgbà wo?” Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò tó bẹ́ẹ̀, wọ́n bá jù ú sẹ́wọ̀n kí ọ̀ràn má bàa kàn wọ́n. Mo lọ bá adájọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ọba kọjá òun. Mo lọ bá ọ̀gá ẹ̀wọ̀n, ó ní kò sí ìwé tó mú un wọlé, báwo ni ìwé á ṣe mú un jáde? Ẹ gbà mí o! Nígbà ayé bàbá ọba yìí, ṣebí ìgbìmọ̀ wà tó lè ní, “Kábíyèsí, ẹ ṣe sùúrù”? Èyí dé, ó tú wọn ká lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbogbo yín sì pàtẹ́wọ́. Ìwọ náà pàtẹ́wọ́, má wolẹ̀.

Kí lo wí? Kí n rọra? Ọba ò tilẹ̀ bínú mọ́, ìyẹn ló ń pa mí lẹ́kún. Ó ti gbàgbé! Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ ọ́ pé oṣù tó kọjá ló bèèrè pé, “Télọ̀ mi àtijọ́ dà? Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.” Gbogbo yín wá bu omi sẹ́nu. Ẹni tó lè tú u sílẹ̀ ò mọ̀ pé òun lòun dè é, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo rí ọkọ mi gbẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ lórí itan bí ẹni tó ń rán nǹkan, òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Áà, ayé mi!

Gbọ́ èyí tí o ò tíì gbọ́. O mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi téèpù kan ara ọba, ojú ni télọ̀ fi ń wọ̀n ọ́n. Ọba ń sanra, ta ló tó wí? Nọ́ńbà inú ìwé ìwọ̀n ò yí padà láti ọjọ́ tó ti gorí ìtẹ́. Ọkọ mi kàn ń fi ínṣì méjì kún aṣọ ní kọ̀rọ̀ lọ́dọọdún ni. Kò sọ fún mi, èmi aya rẹ̀! Ọ̀sẹ̀ tí ibà wá dá a dùbúlẹ̀, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí aṣọ sì gbọ́dọ̀ dé ààfin lọ́jọ́ Ẹtì, ta lo rò pé ó jókòó sídìí máṣíìnì? Èmi ni! Mo ṣí ìwé, mo gé e bó ṣe wà níbẹ̀ gẹ́lẹ́, inú mi tún ń dùn pé mo gba ọkọ mi lọ́wọ́ ìtìjú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú un, mo la ẹnu, ó wò mí, ó mi orí. Mo pa ẹnu mọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti pa á mọ́, bíi tiyín gẹ́lẹ́.

Má dì mọ́ mi! Adájọ́ wo ni mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́ fún? Ìwọ ni ò ń gbé ìwé síwájú ọba láràárọ̀. Mú bírò. Kọ ọ́ pé télọ̀ wà lẹ́wọ̀n, kò sì ṣẹ̀. Ẹn-ẹ́n. Kọ ọ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló rán ẹ̀wù náà, kọ orúkọ mi síbẹ̀. O ṣé. Kọ ọ́ pé ìwọ̀n inú ìwé ló fà á, torí Kábíyèsí ti sanra.

Kí ló dé? O kọ orúkọ èmi ọmọ ìyá rẹ geere. Ó wá kan pé ọba sanra, bírò já bọ́? Háà, àbúrò mi. Gbé ìwé yẹn wá. Èmi ni màá kọ ìyẹn.