Wọ́n Ní Ara Mi Ló Ba Omi Jàkúsì Jẹ́

Ara mi! Ìyá Hephzibah, ara èmi Olútóyìn tí ẹ ń wò yìí ni ọkọ mi, àbúrò yín, nàka sí níwájú àlejò, tó ní ara yìí ló ba omi jẹ́! Rárá o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu omi fún mi. Mi ò fẹ́ fojú rí omi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí ná. Láti Ìgàndó títí dé Ìpájà níbí ni mo ti ń dá sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, obìnrin tó jókòó tì mí tiẹ̀ ń sún lọ sídìí fèrèsé, ó rò pé orí mi ti dàrú. Kò tíì dàrú o, àmọ́ àbúrò yín ò ní í sinmi títí yóò fi dàrú!

Ẹ ṣáà mọ jàkúsì ọ̀hún. Agbada ràgàjì tó wà lẹ́yìnkùlé wa, èyí tí iná ń mú omi inú rẹ̀ gbóná, tí atẹ́gùn á máa ti ìsàlẹ̀ hó yàà bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná, tí èèyàn á wá jókòó sínú rẹ̀ bí ẹja inú ọbẹ̀. Nígbà tí Bàbá Fẹ́kọ́mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, dókítà ní kó máa fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀. Omi gbígbóná lásán! Ṣé ìkòkò ò sí nílé ni? Ṣé táwẹ́ẹ̀lì ti tán l'Ékòó ni? Ó ní rárá, ọ̀gá kan tó ń kó kúrò ní Ìkẹjà ń ta jàkúsì, òun náà sì ti ṣiṣẹ́ tó ẹni tó ń gbádùn ara rẹ̀. Mo ní ó dáa, Olúwa á jẹ́ ká lò ó pẹ́. Wọ́n wó apá kan ògiri wa kí wọ́n tó rí i gbé wọlé. Mo tiẹ̀ dáná fún àwọn tó gbé e.

Ṣé ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wọ inú rẹ̀? Ó ní omi ò tíì bálánsì! Tí àbúrò yín bá ti jí, kó tó gbàdúrà, ẹ gbọ́ mi dáadáa, kó tó gbàdúrà o, á ti ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ omi, á gbé e sókè sí oòrùn, á máa fi àwọ̀ rẹ̀ wé èyí tó wà lára ike. "Ìyá Fẹ́kọ́mi, omi ti kan jù." Omi kan! Ṣé ògì ni? Á da sódà sí i. Tó bá di ọ̀sán, á tún ki bébà bọ̀ ọ́, sódà ti pọ̀ jù, omi ti funfun bí èyí tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ògì. Á da ásíìdì sí i kó lè padà. Ásíìdì náà ti pọ̀ jù. Sódà! Ásíìdì! Sódà! Bí ẹni tí iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ pọ̀, tó bu omi sí i, tí kò níyọ̀ mọ́, tó tún bu iyọ̀, títí ìkòkò fi kún dé ẹnu. Mo ní, "Bàbá Fẹ́kọ́mi, ṣé ẹ ò lè da díẹ̀, kí ẹ dúró kó pò pọ̀ ná?" Ó ní kí n má dá sí ohun tí n kò mọ̀. Èmi! Èmi tí mo ti ń ro ẹ̀kọ láti kékeré l'Ékìtì!

Gbogbo omi tí kànga dẹ̀rọ bá sì fà sínú táńkì, jàkúsì ló ń mu ún. Àwo wà nílẹ̀, aṣọ wà nílẹ̀. Ó tún wá ṣòfin: kò sí ìpara, kò sí òróró irun, ẹni tó bá máa wọ jàkúsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wẹ̀. Ká wẹ̀ ká tó wẹ̀! Pẹ̀lú omi wo?

Omi wá mọ́ lọ́jọ́ kan. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó mọ́ gaara, ẹ lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ló bá ránṣẹ́ pe Díákónì Richard, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti Hope ìyàwó rẹ̀, pé kí wọ́n wá bá òun ṣí jàkúsì. Wọ́n gbàdúrà sí i! Díákónì nawọ́ sórí omi, ó ní a ò ní fi ṣòfò. A ṣe àmín. Àbúrò yín wá ní èmi ni kí n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, èmi ìyàwó ilé. Inú mi dùn o, ká sòótọ́. Mo ti wẹ̀, mo ti fi kànrìnkàn ha ara títí ó fi ń ta mí. Mo ró ìró mọ́ àyà, mo wọlé. Omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìyá Hephzibah, ó dára! Ó dára gan-an! Mo pa ojú dé, mo ní Jésù, ẹ ṣeun.

Ṣé kó fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Kò fi mí sílẹ̀! Ó ní òun fẹ́ fi han àlejò bí wọ́n ṣe ń pa kòkòrò inú omi. Mo wà nínú ẹ̀ o! Èmi àti kòkòrò la jọ wà níbẹ̀! Ó bu kilorínì, ó dà á sílẹ̀ wàà. Kíá, omi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó pọ́n bíi tíì, ó ṣú bí omi àgbo. Kò wo ike ọwọ́ rẹ̀ o, èmi ló wò. Ó ní, "Olútóyìn, kí lo fi para wá síbí? Ara rẹ ti ba omi jẹ́."

Hope fi etí gèlè bo imú. Omi ò sì rùn rárá! Nígbà tó di Sunday, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ti ọ̀rá kan bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Mo tú u nílé. Ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn tuntun! Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rẹ́rìn-ín ná. Kì í ṣe ẹ̀yin ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ń sá fún lórí bẹ́ǹṣì.

Ta ni ò mọ omi àdúgbò wa? Láti abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń gbé ìpẹtà bọ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ní aṣọ funfun! Kilorínì ló kàn jẹ́ kó yára pọ́n. Mo sì fi hàn án! Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun sábẹ́ ẹ̀rọ, mi ò fi ìka kan omi, mo bu kilorínì rẹ̀ sí i, omi pọ́n níṣojú rẹ̀. Mo ní, "Ara ta ló wà nínú eléyìí?" Ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wò mí, ó ní, "Ṣé kì í ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì tí o fi ń wẹ̀ nìyẹn?"

Áà! Mo fi Ọlọ́run búra! Ara yìí náà ló gbé Fẹ́kọ́mi àti àbúrò rẹ̀. Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kó dìde, èjìká ta ló fi ń rìn dé ilé ìgbẹ́? Ara mi ò ba nǹkan jẹ́ nígbà yẹn! Mo kó aṣọ sínú báàgì, ilé olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni mo sùn lánàá. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀yin lẹ wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi. Ohun tó sọ níwájú Richard àti Hope, iwájú wọn náà ni kó ti kó o jẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, mi ò padà sílé yẹn!

Kí lẹ ń ṣẹ́jú sí mi fún? Kí n rẹ ohùn sílẹ̀? Mi ò ní rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí gbogbo Ìpájà gbọ́! Ta ló ń wúkọ́ nínú yàrá yẹn? Ìyá Hephzibah, mo mọ ikọ́ yẹn o. Ẹ yà fún mi jàre!

Bàbá Fẹ́kọ́mi! Jésù! Ta ló kùn yín lẹ́fun báyìí? Ìpara ni? Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wí? Ó wọ inú ẹ̀ láàárọ̀ yìí? Òun nìkan? Ó ní òun máa fi hàn pé omi á mọ́ tí èmi ò bá sí níbẹ̀, ló bá da òògùn omi ibẹ̀ sí i tán pátá, kò sì dúró kó pò pọ̀ kó tó wọ̀ ọ́? Ara rẹ̀ wá sú, títí dé... háà! Títí dé ìdí?

Háà háà! Ẹ jẹ́ kí n jókòó. Ẹ wo bó ṣe ń họra! Rárá o, Bàbá Fẹ́kọ́mi, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí mi, mi ò ní fọwọ́ kàn yín, ara mi lè bà yín jẹ́.

Ìyá Hephzibah, ẹ gbé fóònù yẹn fún un. Kó pe Richard. Kí Richard pe Hope mọ́ra. Tó bá sọ ọ́ tán, tí mo gbọ́ ọ dáadáa, mo lè fi ìpara yẹn pa ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé. Ó ń dún! Wọ́n ti gbé e! Ẹ fi sí sípíkà. Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, Bàbá Fẹ́kọ́mi, sókè jàre, wọn ò gbọ́ yín!