Mo Sọ Fún Ọ̀gá Mi Pé Òpó Náà Dáa

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi kí ẹ tó bú mi. Nǹkan kan wà lọ́kàn mi tí n kò sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Mo ti ń pa á mọ́ra bọ̀, àfi ìgbà tí ilẹ̀ mì díẹ̀ ní Accra níbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn aládùúgbò sáré síta, nígbà tó yá wọ́n ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi.

Bíríkìlà ni mí. Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá ní Accra níbí, ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Súlè. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, òun ló tọ́ mi, òun náà ló bá mi tọrọ ìyàwó.

Nígbà tí yunifásítì kan fẹ́ tún ilé ńlá àtijọ́ kan ṣe, èmi ni wọ́n fi ṣe fóómàànù. Wọ́n fẹ́ kí ilé náà lè dúró bí ilẹ̀ bá mì, kí inú rẹ̀ sì tutù láì fi iná mànàmáná ṣòfò. A ní láti lu ihò jíjìn sára àwọn òpó àtijọ́, kí a fi gúlúù lẹ irin mọ́ inú rẹ̀, kí kọnkéré tuntun tí a máa dà yí i ká lè di mọ́ ọn.

Bàbá kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà náà. Mo mú un wá, mo sì fi òpó igun kan lé e lọ́wọ́. N kò mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti di bàìbàì tó bẹ́ẹ̀. Kò rí àmì tí a fi sára ẹ̀rọ ìlùhò láti fi mọ ibi tí ihò gbọ́dọ̀ jìn dé. Nígbà tí mo débẹ̀, gúlúù ti gbẹ, àwọn irin náà sì yọ síta ju ti àwọn òpó yòókù lọ. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ihò wọn kò jìn tó.

Àwọn òṣìṣẹ́ dúró yí wa ká. Bàbá wojú mi, ó ní, "Ràsákì, ṣé ó dáa?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Ta ni mo jẹ́ tí n ó fi dójú ti ọ̀gá mi níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ, kí wọ́n máa sọ pé Alátà arúgbó yìí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ò mọṣẹ́? Mo ní, "Ó dáa, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́."

Nígbà tó lọ kírun, mo gé orí àwọn irin náà kí gbogbo wọn lè dọ́gba. Ẹ́ńjíníà wa, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan, wá wò ó. Ó bi mí bóyá ihò náà jìn tó. Mo ní ó jìn tó. Ó fi Twi dá mi lóhùn, "Master, megye wo di," pé òun gbà mí gbọ́. A da kọnkéré lé e.

Ilé ọ̀hún wá dára. Páànù tuntun tí a fi bo orí rẹ̀ kì í jẹ́ kí ooru wọlé, inú rẹ̀ tutù nini kódà bí wọn ò tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń sá ooru wọ ibẹ̀. Mo lọ wò wọ́n kí wọ́n tó gba ọlidé, mo rí àwọn tó fẹ̀yìn ti òpó yẹn tí wọ́n ń kàwé. Bóyá òpó kan ò lè ṣe ilé ní nǹkan kan. N kò mọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí láti béèrè.

Bàbá ò mọ nǹkan kan. Bí ọkọ̀ akérò trotro bá gbé e kọjá níwájú ilé náà, á nawọ́ sí i, á ní òun àti ọmọ òun ló tún un ṣe. Bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á fọ́ òpó náà, á sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Mo bẹ̀rù pé ìtìjú yẹn á pa á. Àmọ́ kì í ṣe òun ló purọ́. Ó bi mí léèrè, èmi ni mo tàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n jù mí lọ, ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá Bàbá, àbí kí n gba ọ̀dọ̀ ẹ́ńjíníà lọ tààrà? Ẹ má fi èsì falẹ̀. Ọjọ́ Ajé làwọn ọmọ náà ń wọlé padà.