Ọ̀la Ọjọ́ Wo?

Nígbà tí ìlú Bouaké wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, inú ọkọ̀ tó ń ti ibẹ̀ lọ sí ìlú Béoumi ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ìyá kan àti ọmọbìnrin kan tí wọn ò mọra rí.

Ìyá náà fi ìwé pélébé kan han ọmọbìnrin náà. “Wọ́n kà á fún mi lọ́jà. Wọ́n ní bọ́ǹbù á bọ́ sí àdúgbò wa, Dar-es-Salam, lọ́la. Bàbá àwọn ọmọ mi wà nílé, kò lè dìde. Mo fi í sílẹ̀.”

Ọmọbìnrin náà kà á lẹ́ẹ̀mejì. “Màmá, obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ní yunifásítì wa, kí ogun tó ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa, kọ́ wa pé ká máa bi ìwé léèrè: ta ló kọ ọ́, ìgbà wo ló kọ ọ́, báwo ló ṣe mọ̀? Èyí ò lórúkọ, kò sì lọ́jọ́. Ọ̀la ọjọ́ wo? Irú rẹ̀ kan náà ni mo rí ní àdúgbò Belleville lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀la ti ìyẹn ti kọjá, bọ́ǹbù kankan ò bọ́.”

“Ṣé irọ́ ni?”

“Mi ò mọ̀, Màmá. Ẹni tó kọ ọ́ náà ò jọ ẹni tó mọ̀.”

“Ọ̀la ọjọ́ wo,” ni ìyá náà ń sọ fún ara rẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ dúró, ó sọ̀kalẹ̀, ó gba ẹrù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sílé lọ bá ọkọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ò sọ̀kalẹ̀. Èmi náà ò sọ̀kalẹ̀.