Àṣírí Àwọn Aláìsàn Lọ́wọ́ Alhaji Bùsàírì

Ẹ dúró ná! Ìwọ tí ò ń tẹ fóònù lábẹ́ agbádá, fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ẹ fún ọmọ yẹn lọ́mú kó dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ti olè tó ń fọ́lé. Olè yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni rere ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tó ń kírun, tó ń gbààwẹ̀, tó ti fojú rí Káábà, tí kò mú ohun ẹnikẹ́ni rí, síbẹ̀ tó pa àmánà ọmọnìkejì rẹ̀ run.

Àmánà ni wàásí wa òní. Ọlọ́hun Ọba pa á láṣẹ pé ohunkóhun tí wọ́n bá fi sí wa níkàáwọ́, ká ṣọ́ ọ, ká sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Jàmáà mi, ṣé owó nìkan ni àmánà? Ẹ dá mi lóhùn! Ṣé owó nìkan ni?

Ẹ káre. Àṣírí náà, àmánà ni.

Ọkùnrin kan wà n'Ìwó tó ń jẹ́ Alhaji Bùsàírì. Nígbà tó ti Mẹ́kà dé, ó ní òun ò ní fi ohun tí Ọlọ́hun fún òun kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ilé ìwòsàn lòun máa kọ́. Ó sì kọ́ ọ. Ó sọ ọ́ ní Ilé Ìwòsàn Ṣífáù. Tálákà wọ ibẹ̀, wọn ò lé e. Aboyún wọ ibẹ̀, ó gbé ọmọ jáde. Kí Ọlọ́hun má fi làádá yẹn dù ú. Mi ò wá síbí láti bu ẹnikẹ́ni.

Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ aláìsàn sí nílé ìwòsàn náà: ohun tó ń ṣe é, oògùn tó ń lò, ibi tó ti kó àìsàn náà. Múbáṣírù ló ń mójú tó kọ̀ǹpútà wọ̀nyí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Páswọ́ọ̀dù, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí inú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fún nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá fi tirẹ̀ han ẹlòmíì, ariwo dé nìyẹn.

"Àǹtí Síkírátù, ṣé ẹ máa ń yá èèyàn ní búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ fi ń fọnu ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pè é ní ọkọ kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì ṣe bó ṣe wí.

Ṣùgbọ́n Múbáṣírù kì í dákẹ́ létí Alhaji náà. Ẹ̀rọ yìí ti gbó, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ra ohun tó máa dí ọ̀nà mọ́ àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká máa tọ́jú ẹ̀dà gbogbo nǹkan síbòmíì. Alhaji á mí kanlẹ̀.

"Múbáṣírù, bí mo bá ra bẹ́ẹ̀dì tuntun, aláìsàn á sùn lórí ẹ̀, á ṣàdúà fún mi. Èyí tó ò ń kà kalẹ̀ yìí, ta ló máa rí i?"

"Kò sẹ́ni tó máa rí i, Bàbá. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ó ń dun Alhaji. Ó ń wò ó pé inú ihò kan ni gbogbo náwónáwó yẹn ń lọ.

Ní àṣálátù ọjọ́ Àlàádì, Alhaji Lúkúmọ́nù tí wọ́n jọ máa ń jókòó fẹnu bá a létí. Ọkùnrin yìí ní iléeṣẹ́ kan n'Ìbàdàn tó ń bá àwọn onílé iṣẹ́ bójú tó kọ̀ǹpútà wọn.

"Alhaji, kí lẹ̀ ń fi ọmọdé yẹn ṣe? Ẹ gbé e fún wa. Ìdajì ohun tẹ́ ẹ̀ ń ná, a ó ṣe é. Ìbàdàn la ó jókòó sí, ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé kọ̀ǹpútà wà nílé ìwòsàn yín."

"Alhaji Lúkúmọ́nù, ẹ ò tètè sọ! Alihamudulilai!"

Nígbà tó délé, ó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀, Alhaja Sàùdátù, tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Alhaja ní, "Ó dáa. Ìwé àdéhùn dà?"

"Ìwé kí ni? Ẹni tí èjìká rẹ̀ ń kan èjìká mi nínú sàfù ìrun? Ṣé kí n wá gbé bírò fún un bí ẹni tí mi ò gbà gbọ́?"

"Mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á gbọ́. Mo ní kẹ́ ẹ bi í, ta ló máa fọwọ́ kan nǹkan wa? Bí ó bá bàjẹ́, ta la máa mú?"

"Sàùdátù, mùsùlùmí ni."

Háà! Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká sinmi díẹ̀ níbí, nítorí àìsàn tiwa nìyí. Bó bá jẹ́ ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa ni, a ó fọwọ́ sí gbogbo ojú ewé, a ó pe ẹlẹ́rìí. Bó bá kan ọmọ ìyá wa nínú Islam, a ní àrífín ni. Ta ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀? Ṣebí Ọlọ́hun tá à ń sìn ló ní ká máa kọ àdéhùn sílẹ̀ láàárín ara wa, ká sì pe ẹlẹ́rìí sí i? Ṣé a wá mọ ìfọkàntán ju Ẹni tó dá ọkàn lọ ni?

Wọ́n dá Múbáṣírù dúró. Ó kó gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n so gbogbo ilẹ̀kùn mọ́ kọ́kọ́rọ́ kan."

"Oúnjẹ tó kúrò lẹ́nu ẹ ló ń dùn ẹ́," ni Alhaji wí. Ọmọ náà gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Alhaji Lúkúmọ́nù ò fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ náà. Ó gbé e fún ẹnì kan, ẹni yẹn gbé e fún ẹlòmíì tí wọn ò rí sójú rí, orí fóònù ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹni ìkẹyìn yìí ni wọ́n kó gbogbo àṣírí àwọn aláìsàn Ìwó lé lọ́wọ́. Kí iṣẹ́ lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó fi páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ti gbogbo ilẹ̀kùn. Àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ̀ ọ́n. Wọ́n wọlé, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ lọ, wọ́n sì kọ̀wé sí Alhaji pé bí kò bá fún àwọn ní ohun táwọn ń fẹ́, àwọn á tú u síta.

Alhaji ní òun ò ní fún olè ní nǹkan kan. Lórí ìyẹn, mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Alhaji mi, ẹ jẹ́ ká pe àwọn tó ni ọ̀rọ̀. Ká kìlọ̀ fún wọn kó tó jáde."

"Kí ilé ìwòsàn wá tú? Kí n máa sọ fún ará ìlú pé mo sọ àṣírí wọn nù? Ọlọ́hun ni Ọba tó ń bo àṣírí. Yóò bò ó."

Àsìtágifúrúláì! Ó fi orúkọ Ọlọ́hun bo ohun tí Ọlọ́hun ní kó sọ fún àwọn tó ni ín. Ó lọ kírun, ó ṣàdúà gígùn, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu tó yẹ kó fi pe àwọn èèyàn yẹn, kò là á.

Obìnrin kan wà nínú àwọn aláìsàn náà, Mùtíátù lorúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú níwájú ilé rẹ̀, Mùálímà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àìsàn kan wà lára rẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Mi ò ní dárúkọ àìsàn náà. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Oògùn ló ń lò lójoojúmọ́, ara rẹ̀ le, kò sì ran ọmọ kankan nínú àwọn tó ń kọ́. Inú ilé ìwòsàn yẹn nìkan ló ti sọ ọ́ jáde lẹ́nu, nítorí Alhaji fúnra rẹ̀ sọ fún un pé, "Mùálímà, bó o ṣe sọ ọ́ níbí yìí, inú ilẹ̀ lo sọ ọ́ sí."

Àwọn olè tú u síta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kiri láti orí fóònù dé orí fóònù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àtìní, Mùtíátù tẹ́ ẹní bó ṣe máa ń tẹ́ ẹ. Kò sọ́mọ tó wá. Nígbà tó yá, àwọn ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

"Mùálímà, ẹ má bínú o. Bàbá wọn ló ní kí n wá mú wàláà."

Mùtíátù rí bí obìnrin yẹn ṣe fi etí ìró mú wàláà tí ọmọ rẹ̀ fi ń kọ́ kéú, kí ọwọ́ rẹ̀ má bàa kan ibi tí ọwọ́ Mùálímà ti kàn.

Ó lọ bá Alhaji. Lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ti kìlọ̀ fún Alhaji pé bó bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti gbẹ̀bi nìyẹn.

"Alhaji, mi ò wá jà," ni Mùtíátù wí. "Ìbéèrè kan ni mo mú wá. Kó tó dé ìta, ṣé ẹ mọ̀?"

Alhaji wo lọ́yà. Lọ́yà mi orí.

"A ṣì ń ṣèwádìí ẹ̀, Mùálímà."

Obìnrin náà ní, "Ká ní ẹ sọ fún mi ni, èmi fúnra mi ni ǹ bá lọ sọ fún àwọn òbí ọmọ yẹn. Ǹ bá jókòó tì wọ́n, ǹ bá là á yé wọn. Wọ́n fẹ́ràn mi, Alhaji. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

Ó dìde. Kò bú u. Ó mà sàn kó bú u!

Láti ọjọ́ náà, kò lọ gba oògùn mọ́. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ti di ibi tí wọ́n ti ń nàka sí i. Nígbà tó yá, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tí Alhaja gbọ́, ó sunkún lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Ẹ lọ bá obìnrin yẹn. Ẹ tọrọ àforíjì."

"Lọ́yà ní..."

"Ṣé lọ́yà máa bá yín wọ sàréè ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ní tóun bá kírun Jímọ̀ tán, òun á lọ. Ọ̀rọ̀ tó máa sọ ló ń tò lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ka kútúbà. Ó jáde ní mọ́sáláṣí, ó fẹsẹ̀ rìn dé àdúgbò náà. Ó rí i tí wọ́n ta aṣọ yí ẹ̀yìnkùlé Mùtíátù ká. Àwọn obìnrin ń pọn omi wọlé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń ta irú aṣọ yẹn fún.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n gbé e jáde. Àwọn òbí tó kó ọmọ wọn kúrò wá, wọn ò lè gbójú sókè. Sàfù àkọ́kọ́ ni wọ́n fi Alhaji sí, ẹni ńlá ni. Lẹ́mọ́mù kọjú sí àwọn èèyàn.

"Ẹ̀yin jàmáà, ọmọ Ádámọ̀ ò lè ṣe kó má ṣẹ ọmọnìkejì. Ẹnikẹ́ni tí arábìnrin wa yìí bá ṣẹ̀, ẹ fi jì í nítorí Ọlọ́hun."

"A ti fi jì í!" ni gbogbo èèyàn dáhùn.

Wọ́n ní kí Alhaji dárí ji Mùtíátù! Ó fa aṣọ lẹ́mọ́mù.

"Lẹ́mọ́mù, èmi tí mo ṣẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Lẹ́mọ́mù wò ó, ó wo òkú tó wà nílẹ̀. "Alhaji, ẹ jẹ́ ká kírun sí i lára."

Ẹ sì mọ ìrun òkú, ìdúró ni. Kò ní ìforíkanlẹ̀ nínú. Ọkùnrin yìí ń wá ilẹ̀ tó máa fi iwájú orí rẹ̀ lé, ìrun yẹn ò gbà á láyè. Ó dúró gbọn-in, omi ń bọ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀, títí wọ́n fi sálámà, tí ìrun parí.

Ó ti dá Múbáṣírù padà. Ó ti kọ àdéhùn, ó ti pààrọ̀ ẹ̀rọ, ó ti pe àwọn aláìsàn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, ta ló máa bá a dé ọ̀dọ̀ Mùtíátù? Ohun tó bá wà láàárín ìwọ àti Ọlọ́hun, bó o bá ṣe tùúbá, Aláàánú ni. Ti ọmọnìkejì rẹ ńkọ́? Ẹni tó o ṣẹ̀ ni àforíjì yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ Àlùkìyáámọ̀ sì ni ẹ máa tún fojú kanra.

Ọlọ́hun wa, fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá. Má jẹ́ ká fi orúkọ Rẹ bo ìwà wa. Ṣàánú Mùtíátù, tẹ́ sàréè rẹ̀ sí gbàgede, kó o sì rọ ọkàn rẹ̀ sí ọkùnrin yẹn níwájú Rẹ. Àmín.

Ìwọ wá ńkọ́, tó jẹ́ pé orúkọ àwọn èèyàn, àìsàn wọn, ọ̀rọ̀ ilé wọn ló wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ? Ẹni tó o gbé e fún, ṣé o mọ̀ ọ́n? Ṣé ẹ kọ̀wé? Lọ wádìí ẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Tó bá sì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, jọ̀ọ́, má ṣe pe lọ́yà ṣáájú. Dìde níbi tó o jókòó sí yìí, lọ bá ẹni tó ni àṣírí náà, kó o sọ fún un fúnra rẹ, nígbà tó ṣì lè dá ọ lóhùn.