Òkè Ilé Mi Lójú Ọ̀nà Bàálù

Ẹjọ́ ta ni mo fẹ́ rò, ta ni mo sì fẹ́ rò ó fún? Ìwọ ọmọ káńsù yìí náà ni wọ́n tún rán wá wí fún mi pé ẹ fẹ́ wó òkè ilé mi! Ó dáa. Wọ́n rán ọ níṣẹ́ ẹrú, fi tọmọ jẹ́ ẹ: gbé àpò rẹ kalẹ̀ kí o gbọ́ tẹnu mi.

Ṣé mo dédé gbé ilé lé ilé láìsọ fún ẹnikẹ́ni ni? Háà! Mo wá sí ọ́fíìsì yín, mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígi yẹn títí ìdí mi fi kú. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbé yàrá méjì lé orí ilé tí bàbá àwọn ọmọ mi fi sílẹ̀, kí ọmọbìnrin mi lè ríbi sùn tó bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí mi. Ọ̀gá yín wá fúnra rẹ̀, ó wo ìpìlẹ̀, ó fọwọ́ gbá ògiri, ó ní, “Màmá, ilé yìí á gbé e.” Ó buwọ́ lù ú, ó lu òǹtẹ̀. Ẹni tó ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ṣé ó tún yẹ kó máa wojú sánmà ni?

Bíríkìlà kọ́ ọ, ó kọ́ ọ re. Èmi aránṣọ, ọwọ́ ara mi ni mo fi rán kọ́tìnnì, aláwọ̀ ewé fún ọmọ mi, olódòdó fún àwọn ọmọ ọmọ. A ò tíì kùn ún lọ́dà tán tí àwọn ológun òfuurufú fi dé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n kí mi dáadáa o, wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n ní orí ilé mi ti wọ ojú ọ̀nà tí bàálù wọn ń gbà balẹ̀, pé bí ọ̀kan bá ṣìnà pẹ́nrẹ́n, orí àwọn ọmọ ọmọ mi ló máa balẹ̀ sí. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Mo gun òkè lọ lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan kọjá, mo rí táyà rẹ̀, àní mo rí ẹrẹ̀ ara táyà! N kò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Àmọ́ kí ló dé tí òótọ́ ọ̀hún fi sùn títí mo fi kan òrùlé? Mo bi ọ̀gá yín, ó ní àwọn ológun ò sọ fún àwọn. Mo bi ọ̀gá ológun, ó ní káńsù ò bi àwọn. Yéè! Géètì káńsù àti ti ológun kọjú síra! Ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, mò ń gbọ́ ariwo yín níbí, ẹ ń pe ara yín lórúkọ ìnagijẹ, ẹ wá kọ̀, ẹ ò lè bi ara yín pé, “Ẹ̀yin ará ibí, ṣé opó yìí lè gbé òkè lé ilé rẹ̀?” Ẹnu tó mú bí abẹ lórí pápá, ó wá kú tán nínú ọ́fíìsì! Kí ẹ̀yin náà kọ́lé, kí ẹ má rẹ́ni bá yín gbé e! Rárá, rárá, mi ò ṣépè. Kí Olúwa má gbọ́ ìyẹn. Inú ló ń bí mi.

Ṣé o gbọ́ bí àdúgbò yìí ṣe pa lọ́lọ́? Àwọn ará ilé òdìkejì ti kó lọ nítorí ariwo bàálù. Ẹni tó ń ṣe bàtà ní kọ̀rọ̀ yẹn ti lọ bá ọmọ rẹ̀. Bàálù àárọ̀ nìkan ló kù tó ń jí mi, mo sì ti ń dá a lóhùn: “A jíire o, ará ilé ńkọ́?” Rẹ́rìn-ín, má pa á mọ́ra. Ẹ̀rín ni.

Èyí tó dùn mí wọra nìyí. Láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ̀ ni ọmọ mi ti ń sọ pé, kò sáyè nílé, Màmá, àwọn ọmọ ti ń dàgbà. Mo ní kò burú, mo bá a wá àyè. Nígbà tí mo wá tẹ̀ ẹ́ láago pé wọ́n fẹ́ wó o, mo rò pé yóò figbe ta ni. Ó mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ìmí ẹ̀dùn o! Èmi ni mo bí i, mo mọ̀ ọ́n. Ìmí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún ni. Ó ní, “Ẹ má dara yín láàmú, Màmá. Kò ṣáà ní sáyè náà nìyẹn.” Ohùn rẹ̀ fúyẹ́! Àwáwí tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ bá mi dá a padà fún un!

Ẹ wó o. Mo gbà, kí bàálù má baà já lu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n lọ sọ fún ọ̀gá rẹ, kóun náà sọdá títì lọ sọ fún ọ̀gá ológun: ẹ ò ní kàn rán òṣìṣẹ́ wá pẹ̀lú òòlù. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń bọ̀, lọ́jọ́ kan náà, ẹ ó jókòó sídìí tábìlì yìí, ẹ ó bára yín sọ̀rọ̀ lójú mi, kí n gbọ́ bó ṣe ń dún. Màá se oúnjẹ. Àwo ò wọ́n níbí. Mo ra tuntun nígbà tí à ń kanlé, bébà tí wọ́n fi wé wọn ṣì wà lára wọn. Ẹ má jẹun wá o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹun wá.