Gíláàsì Tó Ń Kú Bí Màámi Bá Tẹrí Ba

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kì í béèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ èèyàn kó tó gbọ́ àdúrà ẹ̀. Ká ní ó ń béèrè ni, ìta ni ǹ bá wà títí dòní. Ẹ ké Halleluyah fún un!

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ṣẹ́gun ti Òkèrèwè, tó fi yunifásítì sílẹ̀ pé òun fẹ́ máa ṣe kọ̀ǹpútà nínú yàrá. Yunifásítì ò sunkún o.

Àìsàn ló mú etí màámi lọ. Tí èèyàn bá kí wọn, wọn ò gbọ́, àwọn èèyàn wá ń pè wọ́n ní agbéraga. Bí wọn ò ṣe wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ nìyẹn. Mo wá rí gíláàsì ojú kan tó ń kọ ohun tí èèyàn bá sọ síwájú ojú ẹni tó wọ̀ ọ́. Èmi ni mo ṣètò ohun tí ojú máa rí nínú ẹ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ máa wà, bó ṣe máa tóbi tó, bí wọ́n ṣe máa pa á. Mo ní tí wọ́n bá ti tẹrí ba, kó kú, kí wọ́n má baà máa wá bọ́tìnnì kiri. Mo dán an wò nínú yàrá. Ó ṣiṣẹ́! Mo jó.

Màámi ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré o, Ṣẹ́gun. Mi ò fẹ́ ìtìjú."

A dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n kúnlẹ̀ kí Ìyá Ìjọ, gíláàsì kú. Pásítọ̀ ní ká tẹrí ba ká gbàdúrà, ó tún kú. Màámi yọ ọ́. "Gbé nǹkan ẹ. Jẹ́ n máa jókòó sílé mi." Èmi ọ̀gá dẹ̀ ń sọ pé bátìrì ni.

Nílé, mo gbé e wọ̀. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọ̀rọ̀ sú mi, mo kúnlẹ̀: "Olúwa, ṣàánú..." Ó kú. Mo tan án, mo tún tẹrí ba. Ó kú! Ẹ̀yin ará, Ifẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, mo wá lọ ṣe gíláàsì fún ìlú tí wọn kì í ti í kí àgbà! Ẹni tó ń dá jókòó sí yàrá, ta ló fẹ́ kúnlẹ̀ kí? Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

Mo wá jókòó ti màámi, mo ń wò wọ́n, ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ń tẹrí ba ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń tẹrí ba ka Bíbélì. Mo yí i padà: àfi kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó tó kú. Mo gbé ọ̀rọ̀ wá sísàlẹ̀, kó má baà bo ojú ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Mo fi wọ̀ wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n tẹrí ba wò mí nílẹ̀. Kò kú. Wọ́n ka ẹ̀bẹ̀ mi tán, wọ́n ní, "Dìde jàre, oníwàhálà. Ká lọ."

Màámi nìyẹn níwájú, wọ́n ń ka gbogbo ẹ̀. Ògo ni fún Ọlọ́run! Tá a bá parí ìsìn, ẹ wá bá wọn yọ̀. Ẹ má pariwo, ẹ má sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Ẹ kàn jókòó, kẹ́ ẹ ròyìn àdúgbò fún wọn. Ó ti pẹ́ gan-an tí èèyàn ti ṣòfófó fún màámi gbẹ̀yìn.